Ẹ Jẹ́ Kí A Padà Lọ Wo Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láti Barking títí dé Dagenham, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń bẹ̀ pé kí a bá wọn ṣe ibi tí ènìyàn yóò ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láíbìrì ọ̀fẹ́ ni a fi ń ṣe é. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ta ni ń padà lọ wò ó?

Bí a bá ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ to káàdì àlejò sínú àpótí níbi àríyá, àwọn Adé àti Olú yóò kún àpótí méjì, púpọ̀ nínú ìyókù yóò ṣófo. Ìṣirò tí à ń pè ní hash ni kọ̀ǹpútà fi ń pín orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀tá bá mọ ìṣirò náà, orúkọ tí yóò bọ́ sínú àpótí kan ṣoṣo ni yóò máa fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò sì máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tí ó ti wà níbẹ̀. Orúkọ 10,000 yóò di ìfiwéra tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 50. Ẹnì kan ṣoṣo ti dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Ní ọdún 2003 ni Scott Crosby àti Dan Wallach ti Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ti kéde àléébù yìí. Àwọn tí ń tọ́jú Perl tún tiwọn ṣe. Ọ̀pọ̀ yòókù kò mira. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Alexander Klink àti Julian Wälde fi hàn ní Berlin pé PHP, Java, Python àti ASP.NET ṣì wà nínú ewu náà. Ìgbà náà ni oníkálukú ń sáré. Python fi nọ́ńbà àṣírí kún hash rẹ̀. PHP fi òdiwọ̀n sí iye ohun tí fọ́ọ̀mù lè gbà. Ọdún mẹ́jọ ti lọ!

Àwọn kan yóò ní, ta ni yóò wá bá ìjọ kékeré jà? Olè tí ń ti ilẹ̀kùn wò kì í kọ́kọ́ béèrè bí onílé ṣe lówó tó. Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín wa, kí ó padà lọ wò ó. Kí ó pààrọ̀ láíbìrì tí ó ti gbó, kí ó fi òdiwọ̀n sí ohun tí fọ́ọ̀mù ń gbà, kí ó sì kọ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí lọ. Orúkọ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́.