Níbo ni Oníṣọ̀nà Ti Ń Rí Èrò?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi iṣẹ́ ọnà jẹun máa ń bi wá: kí ni ènìyàn ń ṣe nígbà tí èrò bá tán? Ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àmì fún ilé ìtajà, ẹni tí ń rán aṣọ, ẹni tí ń kun pátákó lẹ́bàá títì, gbogbo wọn ni oníbàárà ń dúró dè. Oníbàárà ń fẹ́ ohun tuntun, ó sì ń fẹ́ ẹ lọ́la. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ tí inú kò sì sọ nǹkan kan mọ́, ọ̀pọ̀ a ṣí fóònù, wọn a wá àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà, wọn a yí àwọ̀ rẹ̀ padà, wọn a sì gbé e fún oníbàárà. A kò bá wọn jà, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí a wo ohun tí àwọn oníṣọ̀nà ilẹ̀ wa ń ṣe, tí èrò kì í fi í gbẹ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Kétu fi gbajúmọ̀. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá pàtàkì fún aráyé. Ní 2008 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ wo igi tí oníjó ń gbé sórí. Apá méjì ni ó ní. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ojú ènìyàn, ojú tí ó tutù, tí kò bínú, tí kò sì rẹ́rìn-ín. Apá yìí kì í yí padà púpọ̀. Òun ni ènìyàn yóò rí tí yóò fi mọ̀ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé. Òkè rẹ̀ ni agbẹ́gi ti ń ṣe bí ó ti wù ú. Níbẹ̀ ni ó ń gbé ẹyẹ àti ejò sí, tàbí ìyálọ́jà pẹ̀lú igbá rẹ̀, aránṣọ nídìí ẹ̀rọ, alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí ó bá wọ ìlú lónìí lè gun orí igi lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní wà níbẹ̀. Àwọn kan rò pé òfin ni ó ń pa èrò. Agbẹ́gi fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀: nítorí pé ìdajì iṣẹ́ náà ti dúró, ìdajì kejì lè máa rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúwo: igi tí a óò gbé sórí jó kò gbọdọ̀ wúwo jù, nítorí náà agbẹ́gi ń gbẹ́ inú rẹ̀, ó ń lo igi fúyẹ́, ó sì máa ń kan ohun mìíràn mọ́ ọn. Láti inú irú ìnira bẹ́ẹ̀ ni ère tí ń mira ti jáde, èyí tí oníjó ń fi okùn fà tí ẹyẹ fi ń ṣánú tàbí tí ejò fi ń mirí. Kové ní àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Amidou Dossou, wà lára àwọn tí a pè sí ìpàtẹ Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Ohun tí ìlú rẹ̀ fi ń jó ni ó gbé lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní Àjàṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń gbé Àjàṣẹ́ tí kò tíì rí alùpùpù tí ó ru bidon kpayo bọ̀ láti Nàìjíríà. Ojoojúmọ́ ni a ń rí i, débi pé a kò rí i mọ́. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1962, rí i. Ó wo bidon tí ó ti gbó: ọwọ́ rẹ̀ di imú, ẹnu rẹ̀ di ẹnu ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni àwọn ìbòjú rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí ó ṣe La Bouche du Roi, ó to irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ 304 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti to àwọn ẹrú nínú àwòrán ọkọ̀ ojú omi ayé ìgbà náà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù, British Museum, pàtẹ rẹ̀ ní 2007, ọdún tí ó pé igba ọdún tí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí òwò ẹrú. Bidon tí a ń lò títí yóò fi bẹ́, tí a óò sì jù nù, sọ ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn tí a lò bẹ́ẹ̀. Oníṣọ̀nà kò wá ìtumọ̀ náà láti òkèèrè. Inú ohun èlò náà ni ó ti bá a.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn máa yọjú sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn onídìrí wa wo ilé gíga, wọ́n sì di irun tí wọ́n pè ní onílé gogoro. Meschac Gaba, tí a bí ní Kútọnu ní 1961, gba ọ̀nà kan náà: ní 2005 ó pàtẹ Tresses ní New York, irun dídì tí ó ní ìrísí àwọn ilé gogoro ìlú náà. Ilé di irun, irun tún di ilé. Ẹni tí ó bá ń wo kìkì iṣẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ohun tí wọ́n ti ṣe ni yóò máa ṣe.

Báwo ni a óò ti ṣe é láàárín iṣẹ́ òòjọ́? Ẹ ní ìwé kékeré kan lápò, kí ẹ sì ya ohun kan sínú rẹ̀ lójúmọ́: ìlẹ̀kùn àtijọ́ kan, bí alátà ṣe to ata, ilà ara ìkòkò. Ẹ fi ọwọ́ yà á kí ẹ tó fi ẹ̀rọ yà á, nítorí ọwọ́ a máa rí ohun tí ojú fò. Bí oníbàárà kò bá sọ ohun tí ó fẹ́ dáadáa, ẹ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wákàtí kan. Ohun tí ó ń tà àti bí ó ṣe ń tà á yóò sọ fún yín. Ẹ má sì gba èrò àkọ́kọ́ tí ó bá wá, nítorí òun náà ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ènìyàn. Ẹ ya ìkejì àti ìkẹta.

Wọn yóò ní àkókò kò sí. Òótọ́ ni pé owó iṣẹ́ kéré, ọjọ́ sì kúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń kó nǹkan sínú ìwé láti oṣù mẹ́fà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kánjúkánjú bá dé. Ìkànnì tí ń fúnni ní àwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ kò mọ ọjà wa, kò sì mọ ojú wa. A ti rí ìwé ìpolówó ayẹyẹ àṣà kan ní agbègbè wa, tí ìbòjú ilẹ̀ tí ó jìnnà wà lórí rẹ̀. Ó dára lójú. Nígbà tí a bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè, púpọ̀ nínú wọn ní tiwa ni. Ẹni tí ó ṣe ìwé náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni; ó kàn wá ohun tí yóò yá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi irú rẹ̀ kọ́ àṣà yóò dàgbà láì mọ ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èrò kì í fi í ṣe ti owó nìkan. Àwòrán tí ẹ bá yà ni àwọn àbúrò yín yóò máa fi mọ ìlú wọn. Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá dé, kí ẹ tó ṣí fóònù, ẹ kọ́kọ́ gba ọjà kọjá.