Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin ẹyẹ, kí ó so ajá rẹ̀

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, àwọn kan ní ìlú Ṣábẹ̀ fẹ́ràn láti gun òkè. Òkúta ńláńlá ni àwọn òkè náà, èrò ọkọ̀ a sì máa rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ajá a máa bá olówó rẹ̀ lọ. Èyí dára. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí okùn lọ́rùn ajá, yóò sá wọ inú koríko, yóò sì máa gbó. Ẹyẹ yóò fò lọ. Olówó ajá yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì wí fún ará ilé pé kò sí ẹyẹ mọ́ lórí òkè!

Ẹyẹ wà níbẹ̀. Òwúrọ̀ gan-an ni wọ́n ń kọrin jùlọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ pa rọ́rọ́ tí ohùn sì ń lọ jìnnà. Akọ ni ó sábà máa ń kọrin. Ó ń pe abo, ó sì ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ibí yìí ti ní onílẹ̀. Ìbákà, ẹyẹ kékeré tí àyà rẹ̀ rí bí èso ìyeyè, a bà sí ṣóńṣó ẹ̀ka, a sì kọrin dídùn. Ariwo ni ti ẹ̀gà. Akọ ẹ̀gà ni ó ń hun ilé. Abo yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilé kò bá wù ú, akọ yóò tú u, yóò sì hun òmíràn.

Àgbẹ̀ yóò wí pé ọ̀tá ọkà ni ẹ̀gà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ̀gà a máa fi kòkòrò bọ́ ọmọ rẹ̀, orí òkúta kì í sì í ṣe oko.

Àparò ni ó yẹ kí ènìyàn ṣàánú jùlọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lábẹ́ koríko, ni ó ń yé sí. Ajá kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo ẹyin rẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ajá kò jẹ̀bi. Imú rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Ẹni tí ó tú u sílẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Ọdẹ ní ìdí tirẹ̀ láti tú ajá sílẹ̀. Ẹni tí ó jáde láti na ẹsẹ̀ lásán kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Okùn tí ó gùn tó apá méjì ti tó. Kí olúwarẹ̀ jókòó sórí òkúta, kí ó dákẹ́. Ajá yóò kọ́kọ́ fà, yóò kùn, lẹ́yìn náà yóò dùbúlẹ̀. Láìpẹ́, àwọn ẹyẹ yóò padà.

Nígbà náà ni ọmọ tí ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ yóò béèrè orúkọ wọn. Àwọn àgbà mọ̀ wọ́n: ìbákà, ẹ̀gà, olóńgo, àdàbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò mọ̀ ju “ẹyẹ” lọ, wọn ìbá tilẹ̀ gbọ́ Faransé dáadáa. Àgbà tí ó ti mọ èdè rẹ̀ kọ lè mú ìwé àti kálámù dání gun òkè, kí ó kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ náà kí ajá tó jí.