Ìtàn Kúkúrú Kì í Ṣe Iṣẹ́ Kékeré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, tí a kò lè dákẹ́ sí mọ́. Wọ́n ní ìtàn kúkúrú kò ju ohun tí ènìyàn fi ń mú ọwọ́ rọ̀ kí ó tó kọ ìwé gidi. Bí ọ̀dọ́ kan bá fi ìtàn olójú-ìwé mẹ́ta hàn wọ́n, wọn a bi í pé: “Ìgbà wo ni ìwọ yóò kọ ìwé gan-an?” Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òǹkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ ọkọ̀ èrò láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọ̀nú lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn kúkúrú kan, kí ó sì parí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tíì di ìgbàgbé nígbà tí òpin rẹ̀ bá dé. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́kàn ẹni pọ̀. Adùn yìí ni àwọn ọmọ wa ń rí ní èdè Faransé, nínú iṣẹ́ Maupassant àti nínú L'Arbre fétiche tí Jean Pliya, ọmọ ilẹ̀ wa, tẹ̀ jáde ní 1971. Ta ni yóò fún wọn ní irú rẹ̀ ní Yorùbá?

Ẹ wá wo òǹkọ̀wé. Ní 1884 ni Maupassant kọ La Parure. Obìnrin kan, aya akọ̀wé ìjọba, yá ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí òde àríyá. Ẹ̀gbà náà sọnù. Tọkọtaya náà jẹ gbèsè, wọ́n ra òmíràn ní 36,000 fránkì dá a padà, wọ́n sì fi ọdún mẹ́wàá jìyà kí wọ́n tó san gbèsè náà tán. Ìgbà tí ẹwà obìnrin náà ti ṣá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ayédèrú ni ẹ̀gbà àkọ́kọ́, pé kò lè ju 500 fránkì lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn parí. Òǹkọ̀wé kò wàásù ìgbéraga, kò sì wí pé òtítọ́ ìbá ti gbà wọ́n. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn àwa òǹkọ̀wé náà. A kì í lè fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A ó to òwe márùn-ún jọ níbi tí ẹyọ kan ti tó. Ìtàn yóò parí tán, a ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Ìtàn yìí kọ́ wa pé…” Àwọn kan ní bí àlọ́ ti rí nìyẹn. Àmọ́ apàlọ́ ní ohùn, ó ní orin, ó ní àwọn ọmọ tí ń gbè é níwájú rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó yẹ kó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé ní, òǹkàwé rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìtàn rẹ̀ fún òǹkàwé ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ má ṣe fi gígùn wọn iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ìtàn ojú ìwé mẹ́ta ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé. Ẹ gé e, ẹ tún un gé. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn tí ó ń ṣàlàyé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Bí àwa kò bá kọ ọ́, Faransé nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò máa kà lójú ọ̀nà Kútọ̀nú, a kò sì ní lè bá wọn wí.