Ìtàn Ilé: Àwọn Obìnrin Tí Ó Gbógun Wá Sí Abẹ́òkúta



Láti ìgbà tí sinimá The Woman King ti jáde ní 2022 ni àwọn ọmọ wa níbi tí a tẹ̀dó sí yìí ti ń béèrè nípa àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhọ̀mì. Àwọn ọmọbìnrin ń gbé igi bí ìbọn káàkiri àgbàlá. Èmi kò bá wọn wí, nítorí akọni ni àwọn obìnrin náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Kétu máa yìn wọ́n láìmọ̀ pé ìlú àwọn baba ńlá tirẹ̀ ni wọ́n gbógun tì, ìyẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Mẹ́ta 1851 ni Gezo, ọba Dàhọ̀mì, kó ogun dé odi Abẹ́òkúta. Ẹrú ni ó ń wá, inú sì ń bí i pẹ̀lú, nítorí pé ní 1844 àwọn Ẹ̀gbá ti gba agboòrùn ọba lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ogun. Àwọn ará Ìṣàgà ni ó tàn án jẹ. Wọ́n ṣe bí ọ̀rẹ́ sí i, wọ́n ní kí ó jà lọ́sàn-án gangan, kí ó sì gba ẹnubodè Àró wọlé. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá ti tún odi mọ! Àwọn obìnrin náà kò sá. Àwọn kan gun odi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì kú sí. Ní 1862 Glele ọmọ Gezo pa Ìṣàgà run nítorí ẹ̀tàn yìí.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àwọn Ẹ̀gbá kò mọ̀ pé obìnrin ni àwọn ń bá jà, àfi ìgbà tí wọ́n tú aṣọ ọ̀kan tí ó ṣubú, ni wọ́n bá fi ìbínú jà, pé obìnrin kọ́ ni yóò ṣẹ́gun àwọn. Èmi kò gbà pé gbogbo wọn ni kò mọ̀: ìlú oníṣòwò ni Abẹ́òkúta, òkìkí àwọn obìnrin Abọ́mẹ̀ sì ti kàn jìnnà. Ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn, kí ìyá àgbà máa bá a lọ. Èyí tí ó ní wọ́n a máa gé ọmú kan, ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn òyìnbó lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mino ni àwọn Fọ̀n ń pè wọ́n, èyíinì ni “àwọn ìyá wa”.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọbìnrin tí a kó lẹ́rú wà nínú wọn, tí a tọ́ dàgbà fún ogun. Ta ni yóò búra pé kò sí ọmọ Yorùbá láàrin àwọn tí ó kú sí odi Àró?

Glele tún padà wá ní 1864, ó sì tún fìdí rẹmi. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin tiwa náà dìde: Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá. Wọ́n fi í jẹ Ìyálóde lọ́dún náà. Kí a má parọ́, òun náà ti ṣòwò ẹrú rí.

Ilé tí ó bá ní ìtàn ogun wọ̀nyí lẹ́nu àwọn ìyá rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ tó jáde.