Okonkwo àti Àwọn Ọmọ Wa

Láti ọdún 1958 tí ìwé ìtàn àròsọ Things Fall Apart, èyí tí Olóògbé Chinua Achebe kọ, ti jáde, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ wa ni ó ti kà á ní kíláàsì. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu ni pé kí ènìyàn tẹpá mọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni. Okonkwo kò bá abà iṣu lọ́dọ̀ Unoka baba rẹ̀, ẹni tí ó kú tòun ti gbèsè. Ó lọ bẹ Nwakibie fún èèbù, ọ̀dá àti àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò sì ba oko rẹ̀ jẹ́ lọ́dún kan náà, síbẹ̀ ó di ọlọ́lá. Àwọn olùkọ́ ń kọ́ni ní èyí dáadáa. Èyí tí wọ́n ń sáré kọjá ni ó ń dùn wá.

Orí keje ìwé náà ni a ní lọ́kàn. Ọmọ àlejò kan ń bẹ ní ilé Okonkwo, Ikemefuna ni orúkọ rẹ̀. Láti Mbaino ni wọ́n ti mú un wá gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ pa obìnrin kan tí í ṣe ọmọ Umuofia. Ọmọ náà kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ rárá. Ó gbé ilé Okonkwo fún ọdún 3, ó ń pè é ní baba, Nwoye ọmọ onílé sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí òrìṣà ní kí wọ́n pa á, Ezeudu tí í ṣe àgbà ìlú wá kìlọ̀ fún Okonkwo pé kí ó má ṣe lọ́wọ́ sí ikú ọmọ tí ń pè é ní baba. Okonkwo gbọ́, ó sì bá wọn lọ. Nígbà tí ọmọ náà sá tọ̀ ọ́ wá kí ó gba òun sílẹ̀, ó yọ àdá, ó ṣá a balẹ̀. Achebe kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà pè é ní ojo.

Ẹ ro ó wò. Ọkùnrin tí ó dá Amalinze nínú ìjàkadì, tí ó ti gbé orí ènìyàn 5 bọ̀ láti ojú ogun, ni ẹnu ayé ń dẹ́rù bà! Obierika ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sílé ní ọjọ́ náà. Kò bá òrìṣà jiyàn, kò sì gbé àdá. Ó sọ fún Okonkwo lójú pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ba òun lẹ́rù; a kò sì kà á níbi kankan pé Umuofia fi í ṣẹ̀sín tàbí pé wọ́n gba oyè lórí rẹ̀. Okonkwo ni kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ohun kan sì já nínú Nwoye lálẹ́ ọjọ́ náà; nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó kẹ̀yìn sí ilé baba rẹ̀.

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ ohun tí irú ìbẹ̀rù yìí lè dá sílẹ̀. Rògbòdìyàn Kàdúná ní ọdún 2000 àti ti Jọ́ọ̀sì ní ọdún 2001 gba ẹ̀mí púpọ̀, àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ sì wà nínú wọn, bí Ikemefuna kò ti mọ̀dí ti Mbaino. Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tí ó mú igi àti òkúta ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìbínú gbé jáde. Ẹlòmíràn jáde nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ń gbà kó ọmọ ọlọ́mọ: wọn a bi í pé, "Ṣé ìwọ kì í ṣe ọkùnrin ni?" Ọmọ ọdún 15 tí ó ti ka orí keje, tí a sì fún un láyè láti rò ó, yóò mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ.

Apá kan tún wà tí ó kan àwọn ará ilé wa gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ìbọn Okonkwo ṣèèṣì pa ọmọ Ezeudu, ó lọ lo ọdún 7 ní Mbanta, ìlú ìyá rẹ̀. Wọ́n fún un ní ilẹ̀, wọ́n bá a kọ́lé, wọ́n fún un ní èèbù iṣu. Síbẹ̀ ọjọ́ ni ó ń kà. Ọmọbìnrin tí ó bí níbẹ̀, Nneka ni ó sọ ọ́, láti fi yẹ́ àwọn ará ìyá rẹ̀ sí. Ọkùnrin tí ó tẹ̀lé e, Nwofia, èyí tí í ṣe ẹni tí a bí sí aginjù. Àwa náà ń sọ ọmọ ní Abíọ́nà àti Tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èébú kankan níbẹ̀ fún ibi tí a bí ọmọ sí. Ọmọ tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́ nílé pé inú aginjù ni òun ń gbé, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ọmọ onílùú tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà?

A rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n dín àkọ́sórí orúkọ kù. Ìwé àkópọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ kò lè jẹ́ kí ọmọ mọ bí Ikemefuna ti ń fi orin inú wádìí lójú ọ̀nà bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè. Kí òbí tí ó mọ̀wé gba ojúlówó ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó ka orí keje àti orí kẹjọ, kí ó sì bi í ní ìbéèrè kan: ká ní ìwọ ni Obierika, kí ni ìwọ ì bá sọ fún Okonkwo ní alẹ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n mú ọmọ náà lọ?