Ìlera yẹ kó wọ inú èésú wa

A ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta gàrí àti àgbàdo. Ọ̀rọ̀ tó kàn jẹ mọ́ ẹgbẹ́ èésú tí ẹ ń dá, tí àwọn míì ń pè ní tọ̀ǹtíìnì. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ yẹn lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ là, bí ẹ bá fún ọ̀rọ̀ ìlera ní wákàtí kan péré lóṣù.

Wọ́n ti ṣe é níbòmíràn. Láàárín ọdún 2001 sí 2003, ní Makwanpur lórílẹ̀-èdè Nepal, ilẹ̀ olókè tó ga ju tiwa lọ, àwọn obìnrin ń ṣèpàdé lóṣooṣù. Obìnrin ìbílẹ̀ kan ló ń darí wọn, kì í ṣe dókítà. Kò wá kọ́ wọn bí ọmọ iléèwé; ìbéèrè ló ń bi wọ́n. Kí ló ń pa ọmọ tuntun lọ́dọ̀ wa? Èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Kí ni agbára wa ká? Àwọn kan dá owó sí àpótí, àwọn kan ṣètò bí wọ́n á ṣe máa gbé aboyún dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó padà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ikú ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan fi bí 30 nínú 100 kéré sí ti àwọn abúlé tí kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) náà dámọ̀ràn ọ̀nà yìí.

Ẹnìkan lè ní ọgbọ́n tálákà nìyẹn. Rárá o! Ní ìlà oòrùn London, ní Tower Hamlets àti Newham, níbi tí ilé ìwòsàn kò jìnnà, àwọn onímọ̀ University College London mú ọgbọ́n kan náà lọ bá àwọn ìyá tí ìran wọn wá láti Bangladesh, India àti Pakistan, lórí oúnjẹ ọmọ kékeré. Ẹni tó ń darí ìpàdé gbọ́ èdè wọn. Dókítà pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà kì í bá èèyàn wọ ilé ìdáná. Ìyá ọkọ àti aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Tí olówó bá ń kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ará oko, ṣé àwa tó ti ní ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ la ó máa wòran?

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ní Bangladesh, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò, ẹgbẹ́ kan ló wà fún bí èèyàn 1,400. Ikú ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Nígbà tí wọ́n fi kún un, tí ẹgbẹ́ kan wà fún bí èèyàn 300, ikú ọmọ tuntun fi bí 38 nínú 100 dín. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìpàdé ńlá kan lọ́dún tó, níbi tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Aboyún tó wà lóko kò débẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi èésú tó ń bọ̀. Kí ẹ tó pín owó, kí kálukú fi òkúta kéékèèké yan ìṣòro kan. Ká ní owó zémidjan lóru lẹ yàn: tí obìnrin 20 bá fi 100 sẹ́fà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, 2,000 ti wà nínú àpótí. Kí obìnrin méjì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ bi ara yín: ta ló lò ó, ta ni kò rí i lò? Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ wá o, torí ẹ̀yin lẹ ń sọ ìgbà tí aboyún máa kúrò nílé.

Ẹgbẹ́ kò rọ́pò agbẹ̀bí o, ìjọba náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí oògùn wà nílẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, bí ọmọ tuntun kò bá mu ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù, ẹ má pe ìpàdé kankan, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ìpàdé oṣù tó kọjá ló yẹ kó ti wá owó ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, kó rán ẹnìkan wá sí rédíò wá sọ bó ṣe rí, ìbáà dára, ìbáà má dára. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.