Àrùn tí ó ti ń gbóògùn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí éèdì kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980, tí ẹni tí ó kó o kì í pẹ́ láyé, àwọn tí wọ́n pè é ní àrùn kògbóògùn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wò nígbà náà ti yí padà. Orúkọ náà nìkan ni kò yí: ó ṣì wà lára ògiri ilé ìwòsàn, ó ṣì wà lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Òtítọ́ àná ti di irọ́ òní, irọ́ náà sì ń pa ènìyàn.

Ní ọdún 1996, ọdún kan ṣáájú kí éèdì tó pa Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé bí a bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀, àrùn náà yóò tẹríba. Ní 2002, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, pẹ̀lú èrò láti tọ́jú 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé. Ní 2006, wọ́n sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́.

Iṣẹ́ wo gan-an ni oògùn yìí ń ṣe? Kòkòrò HIV kò lè dá pọ̀ sí i. Inú sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ balógun àwọn tí ń gbèjà ara ni ó máa ń wọ̀. Yóò da àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ kọ sí irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì náà lè kà, yóò fi àdàkọ náà há àárín àkọsílẹ̀ onílé, onílé yóò sì di ẹrú tí ń bímọ fún olè. Nínú hóró kan tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò lójoojúmọ́ lónìí, oògùn mẹ́ta ni ó wà. Tenofovir àti lamivudine ń ba àdàkọ náà jẹ́ kí ó tó parí. Dolutegravir ń dènà èyí tí ó bá yọ, kí ó má baà ráyè wọ àkọsílẹ̀ onílé. Wọn kò lè pa èyí tí ó ti sá pamọ́ sínú ara, ìdí sì nìyí tí aláìsàn kò fi gbọdọ̀ dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò wọ́n déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀. Ṣé àrùn tí kò gbóògùn nìyí?

Àwọn kan ní májèlé ni. Wọn kò ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Stavudine mú kí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa jó bí iná, ó sì jẹ ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tán, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a máa yọwọ́ rẹ̀ ní 2009. Nevirapine lè mú kí nǹkan sú síni lára, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Efavirenz a máa fa àlá tí ń dẹ́rù bani. Ẹni tí a kò ṣàlàyé fún ní èdè rẹ̀ yóò gbà pé àwọn ayé ni ó ń dọdẹ òun lójú oorun. Oògùn ti òní rọjú jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ó lè fa àìróorunsùn, orí fífọ́ tàbí sísanra. Tenofovir sì lè ṣe kíndìnrín níjàǹbá, nítorí náà ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn ọgbẹ́ inú kan mì pọ̀ mọ́ dolutegravir, agbára rẹ̀ lè dínkù. Àkóbá tí a sọ tẹ́lẹ̀ kì í lé aláìsàn. Èyí tí a fi pamọ́ ni í lé e.

Ta ni ó ń dúró de ẹni tí a lé? Ní Gáḿbíà, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, Ààrẹ Yahya Jammeh kéde pé òun lè fi egbòogi wo éèdì sàn. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn pa oògùn wọn tì. Àwọn kan kú. Ní 2018, lẹ́yìn tí ó ti kúrò lórí oyè, mẹ́ta nínú àwọn tí ó yè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ìlérí irú rẹ̀ kò ní tà níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé oògùn tí ń ṣiṣẹ́ wà.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rù tí orúkọ náà ń dá bani ni kì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ ṣìnà. Ẹni tí a ti sọ fún pé kò sí oògùn, kí ni yóò lọ ṣe àyẹ̀wò fún? Àwọn mìíràn yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé iṣẹ́ oògùn. Yorùbá kọ́ ni a fi ṣàlàyé rẹ̀ lókè yìí ni? Kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́ lára ògiri. Kí wọ́n máa ṣàlàyé iṣẹ́ oògùn àti àkóbá rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tí ó fi ń lálàá, kí ó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì.

Àrùn ti gbọ́ ti oògùn. Àwọn ènìyàn ni kò tíì gbọ́.